Ẹ Bi Wá: Làpálàpá Orí Ọmọ àti Àyẹ̀wò Méjì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Làpálàpá mú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní orí, a sì ti ń fi oríṣiríṣi ìpara pa á láti oṣù mẹ́ta. Ilé àyẹ̀wò kan nítòsí Ọjà Ọba họ èépá orí rẹ̀, wọn kò lò tó wákàtí kan tí wọ́n fi ní àwọn kò rí nǹkan kan. Dókítà ní kí a lọ sí òmíràn, àwọn yẹn sì ní kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Kí ló dé tí ìkejì fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?
Ìyá Ọlọ́mọ, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Wọn kò ta ko ara wọn, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àwọn ti àkọ́kọ́ fi kẹ́míkà KOH, tí agbára rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìdá 10 sí 20 nínú 100, sí ohun tí wọ́n họ, kí ó lè yọ́ awọ àti irun, kí fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn kòkòrò tó ń fa làpálàpá, tó wà nínú wọn lè hàn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó pẹ̀ka, tàbí bí hóró róbótó lára irun, lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àyẹ̀wò yìí yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí a máa kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àwọn kò rí i, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀, nítorí pé èépá tí wọ́n mú lè kéré jù, ó sì lè jẹ́ ibi tó ti ń jinná ni wọ́n ti mú un.

Àwọn ti ìkejì ń gbin tiwọn ni. Wọ́n gbé e sórí oúnjẹ fọ́ńgọ́ọ̀sì tí a fi orúkọ Raymond Sabouraud, dókítà awọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, pè, wọ́n sì fi oògùn sí i kí kòkòrò mìíràn má baà gba ibẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Fọ́ńgọ́ọ̀sì làpálàpá kì í tètè hù bíi ti ara búrẹ́dì tó bu. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sọ pé kò sí títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tí ìdúró yìí ń mú wá ni pé a ó mọ irú èyí tó jẹ́ gan-an. Ìpara nìkan kì í wọ gbòǹgbò irun, oògùn tí ọmọ yóò gbé mì ni làpálàpá orí ń fẹ́, oògùn griseofulvin sì sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju oògùn terbinafine lọ fún ẹ̀yà fọ́ńgọ́ọ̀sì tí à ń pè ní Microsporum, nígbà tí terbinafine sàn jù fún ẹ̀yà Trichophyton. Bí àmì àìsàn náà bá hàn kedere, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró de èsì, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti mú èépá.

Àyẹ̀wò PCR, tó ń wá DNA fọ́ńgọ́ọ̀sì, irú èyí tí a mọ̀ nígbà Kòrónà, lè mú èsì jáde láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì lè rí àjẹkù fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ti kú lẹ́yìn ìtọ́jú.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni ìpara oṣù mẹ́ta yẹn. Ìpara tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì lè má jẹ́ kí ó hù níbi tí wọ́n gbìn ín sí, èyí tó ní steroid (oògùn tó ń mú kí awọ tó pọ́n tàbí tó wú rọlẹ̀) nínú sì máa ń pa ojú àìsàn náà dà títí tí dókítà gan-an kò fi ní í dá a mọ̀. Ẹ kó gbogbo ike ìpara náà lọ fi han ilé àyẹ̀wò kejì lọ́la, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fi wọ́n pa á kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un ṣe, ẹ bi dókítà bóyá kí ẹ dá ìpara dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ má ṣe fi àdí tàbí òróró pa á lórí lọ, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n họ ọ́ ní etí ibi tó ṣì ń ràn, kí wọ́n sì fa irun tó ti kán níbẹ̀ tu. Bí ó bá ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń lo kóòmù kan náà, ẹ mú àwọn náà dání kí wọ́n yẹ orí wọn wò.