Ẹ Béèrè Bí Wọ́n Ṣe Ń Yọ Ọ́ Kí Ẹ Tó Gbà Á

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbíkẹ́yìn mi ti pé oṣù 8. Nọ́ọ̀sì ní kí n fètò sọ́mọ bíbí, kí n gba ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá. Ìyá ọkọ mi ní wọ́n máa ń sọ pé ó ń rìn lọ sínú ọkàn, ẹni tó bá lò ó kì í sì í bímọ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi lò ó, ẹ̀jẹ̀ ò dá, ló bá lọ yọ ọ́. Ṣé kí n gbà á? (Olùkàwé, Ṣàgámù)

ÌDÁHÙN: Bó bá wù yín, ẹ gbà á. Kó kúrò lápá ṣọ̀wọ́n gan-an. Bí wọ́n bá fi í jìn jù ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Kí ẹ tó dìde lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ fọwọ́ tẹ ibẹ̀, kí ọwọ́ yín bà á.

Ní ti pé èèyàn kì í bímọ mọ́, abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta ló lè mú kí oyún pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn téèyàn bá dá a dúró. Ti apá kò rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ti yọ ọ́, oyún lè dúró láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń lé obìnrin púpọ̀ kúrò nídìí ẹ̀, ó sì dùn wá, torí ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún tẹ́lẹ̀ kì í fòyà bẹ́ẹ̀. Nǹkan oṣù lè máa kán díẹ̀díẹ̀, ó lè pẹ́ kó tó dá, ó sì lè má wá rárá. Bí kò bá wá, ẹ̀jẹ̀ kankan ò kó jọ sínú yín. Bó bá ń dà yín láàmú, ẹ padà lọ. Wọ́n lè fi ibuprofen ọlọ́jọ́ 5 tọ́jú ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, ẹ má dúró dọ̀la.

Orúkọ ọ̀pá apá yìí yàtọ̀ síra: Jadelle jẹ́ ọ̀pá 2, ọdún 5 ló ń lò. Implanon jẹ́ 1, ọdún 3. Bí ẹ bá gbà á láàárín ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ nǹkan oṣù, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé ẹ ò lóyún, ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọjọ́ 7.

Ẹ wá béèrè èyí tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè: ta ni yóò yọ ọ́, èló sì ni? Ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá wù yín, ọdún ì báà má tíì pé. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ ohun èlò wọ̀nyí di ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba owó ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ apàrora.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó mi ń lo carbamazepine fún wárápá. Ṣé ti apá bá a mu? (Olùkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Rárá, oògùn yẹn máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Kọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ló dáa jù fún wọn. Oògùn kì í dí i lọ́wọ́, ó sì lè lo ọdún 10. Nǹkan oṣù wọn lè pọ̀ sí i, kí inú sì máa rún wọn, fún oṣù 3 sí 6. Bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti ń pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó fi í sí i.