Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tó ń gbin igbó (marijuana)?

Ìbéèrè: Àsàláámù aláékúmù, Áfáà. Denver ní Colorado ni mò ń gbé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbin igbó láìlo kẹ́míkà fẹ́ gbà mí síṣẹ́. Ìjọba fún wọn níwèé àṣẹ. Mi ò ní mu ún o, dídì í sínú ike ni iṣẹ́ mi. Wọ́n tún ń fi ṣe ìpara orúnkún ríro, mo sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ìwó. Ṣé kò léèwọ̀?

Ìdáhùn: Wa aláékúmù sàláámù, arábìnrin mi. Kí Ọlọ́hun san yín lẹ́san pé ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gba iṣẹ́ náà.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé gbogbo ohun tó bá ń pani bí ọtí, ọtí ni, gbogbo ọtí ló sì jẹ́ èèwọ̀. Ọ̀rọ̀ àìlo kẹ́míkà yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Nígbà tí Ọlọ́hun ka ọtí léèwọ̀, Anas ọmọ Málíìkì ń bu ọtí fún àwọn àlejò nílé Abú Tọ́líhà. Dàbínù lásán ni wọ́n fi pọn ọtí náà. Bí wọ́n ṣe gbóhùn olùkéde báyìí, wọ́n ní kí Anas lọ dà á nù, ọtí sì ń ṣàn lójú pópó Mẹ̀dínà. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá dàbínù náà mọ́. Ohun tó ń ṣe sí làákàyè ni Ọlọ́hun wò.

Ti pé ẹ ò ní mu ún ńkọ́? Ènìyàn mẹ́wàá ni Ànábì ṣẹ́bi lé lórí ọ̀rọ̀ ọtí. Ẹni tó ń gbé e, ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń jẹ owó rẹ̀ wà lára wọn. Ibo ni ẹni tó ń dì í máa gbà bọ́?

Òótọ́ ni pé wọ́n ti ń tà á ní gbangba ní Colorado láti 2014. Àmọ́ tí ẹ ò bá tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ tún ṣọ́ra: ní 2019, USCIS, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwé ìgbélùú, kọ ọ́ síta pé iṣẹ́ nídìí òwò igbó lè ba ìwé ẹni tó fẹ́ di ọmọ onílùú jẹ́, kódà níbi tí ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí i.

Ìpara yàtọ̀. Al-Qarafi, àgbà onímọ̀ nínú mọ́síhábù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Málíkì tí a ń tẹ̀lé nílé, kò ka ewé náà sí nàjísì (ohun ẹ̀gbin), nítorí náà kò ní ba ìrun màmá jẹ́. Tó bá jẹ́ pé àìsàn ni wọ́n ń fi tọ́jú, tí kò sì pani, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ránṣẹ́ o. Òfin Nàìjíríà ò gba igbó láàyè, tí àwọn NDLEA bá sì rí àwòrán ewé yẹn lára ike, màmá ni wọ́n máa wá bi léèrè. Ẹ ra ìpara mìíràn fún wọn.