Máńgòrò Tó Ń Dúdú Nígbà Tó Bá Ń Pọ́n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Igi máńgòrò méjì wà lẹ́yìnkùlé wa. Bí èso wọn bá wà ní tútù, ara wọn á máa dán. Bí wọ́n bá wá ń pọ́n, àmì dúdú á bò wọ́n, wọ́n á sì jẹrà. A fín oògùn sí wọn nínú oṣù Kẹrin, kò ṣiṣẹ́. Kí ni ká ṣe? — Ìyá Àgbà, Kàbà

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, oògùn yín kọ́ ló burú, ó pẹ́ ni. Àrùn anthracnose nìyẹn, fọ́ńgáì ló ń fà á. Láti ìgbà òdòdó àti èso kéékèèké ló ti ń wọlé, á wá fara pamọ́ sábẹ́ èèpo títí èso yóò fi máa pọ́n. Bí àmì dúdú bá ti yọ, oògùn kò lè wò ó mọ́.

Bí ẹ bá ti ká èso tán, kí ẹ gé gbogbo ẹ̀ka gbígbẹ, kí ẹ sì dín ti àárín kù kí atẹ́gùn àti oòrùn lè ráyè wọlé. Ẹ̀ka gbígbẹ ni ibùba àrùn yìí. Omi òjò tó ń kán láti ara rẹ̀ ló ń gbé e sórí òdòdó. Ẹ gbá ewé tó já bọ́, kí ẹ sun ún, kí ẹ sì ri èso jíjẹrà mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń fín oògùn láìgé ẹ̀ka, owó ló ń dà nù.

Nígbà ọyẹ́, bí òdòdó bá ti ń yọ, kó tó là, ẹ po mancozeb, oògùn tó ń pa fọ́ńgáì, gíráàmù 40 mọ́ omi lítà 16, kí ẹ fín in. Bí ara páálí bá sọ ọ̀tọ̀, tibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ dára, kí oyin má baà kú, kí oògùn sì gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ tún un fín lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí èso yóò fi tó orí àtàǹpàkò, pàápàá bí àkọ́rọ̀ òjò bá tètè dé. Ẹ wo ara páálí fún iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó ká a.

Fún èyí tó ti gbó lórí igi báyìí, tí kò tíì pọ́n, ẹ ká a, kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná tó wà ní 52°C fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ fi òǹwọ̀n ìgbóná wò ó. Ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Bó bá kọjá 55, èèpo á jóná.

ÌBÉÈRÈ: Ohun funfun bí ìyẹ̀fun bo òdòdó máńgòrò wa nígbà ọyẹ́, òdòdó sì ń gbọ̀n dànù. Ṣé ohun kan náà ni? — Olùkọ́, Mọpà

ÌDÁHÙN: Rárá, ọ̀gá. Àrùn fọ́ńgáì mìíràn tí wọ́n ń pè ní powdery mildew nìyẹn, kò sì dúró de òjò. Òtútù òru àti ìrì ti tó o. Mancozeb kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Imí ọjọ́ tó ń pò mọ́ omi ni kí ẹ lò, gẹ́gẹ́ bí páálí rẹ̀ bá ṣe wí, gbàrà tí ẹ bá ti rí funfun àkọ́kọ́. Ẹ má fín in lọ́sàn-án gangan, torí oòrùn àti imí ọjọ́ á jó òdòdó náà.