Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Ṣé Géèmù Lè Gba Àgbà Lọ́wọ́ Ìṣubú?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìyá mi, ẹni ọdún 74, ń gbé. Láti bí oṣù mélòó kan ni ó ti máa ń kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí ó ń sọ pé òun kì í rí etí rẹ̀ dáadáa mọ́. Ọmọ mi ní òun kà á pé géèmù orí tẹlifíṣọ̀n lè tún ojú àti ìdúró àgbà ṣe, ṣùgbọ́n Màmá ní ọmọdé ni í ṣeré. Kí ni ẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí Màmá, kí ẹ sì rán wọn létí pé àgbà ló ń ta ayò ọlọ́pọ́n nílé. Ọmọ yín kò parọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo géèmù ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ̀rí tí mo gbára lé jù wá láti ìlú Sydney ní Ọsirélíà, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí pẹ̀lú àgbà 769 tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń gbé nínú ilé ara wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní ẹní pẹlẹbẹ tí ó bá tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́. Bí àmì bá ti yọ, ẹni tí ó dúró lórí ẹní náà yóò yára gbé ẹsẹ̀ síwájú, sẹ́yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́, kò sì gbọdọ̀ tẹ ibi tí kò yẹ. Àwọn kejì jókòó, wọ́n fi ọwọ́ gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀. Ìwé ìmọ̀ràn nìkan ni àwọn kẹta gbà. Ìṣẹ́jú 120 lọ́sẹ̀ ni a ní kí ẹgbẹ́ méjì àkọ́kọ́ máa lò fún odindi ọdún kan. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2024, ìṣubú láàárín àwọn tí ó lo ẹní fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí ó gba ìwé nìkan, ṣùgbọ́n ti àwọn tí ó jókòó kò dín tó èyí tí a lè fi fọwọ́ sọ̀yà. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé ẹni tí ó bá kọsẹ̀ kò ní àkókò àrògún. Ẹsẹ̀ tí ó tètè balẹ̀ síbi tí ó tọ́ ni yóò gbà á sílẹ̀, ohun tí ẹní náà sì ń kọ́ ni nìyẹn.

Ní ti ojú, àwọn onímọ̀ tí Daphne Bavelier wà lára wọn ní Amẹ́ríkà fi hàn lọ́dún 2009 pé àwọn tí ó fi wákàtí 50 gbá géèmù ìbọn túbọ̀ mọ àwọ̀ eérú kan yàtọ̀ sí òmíràn tí ó fẹ́ẹ̀ẹ́ jọ ọ́. Agbára yẹn gan-an ni a fi ń rí etí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ni àwọn tí wọ́n dán an wò lára wọn, n kò sì rò pé Màmá yóò gbà láti máa yìnbọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọpọlọ tí ń túmọ̀ ohun tí ojú rí ni irú géèmù bẹ́ẹ̀ ń kọ́. Kò lè wo ẹyinjú tí ó ti ń di funfun sàn, kò sì lè dá àrùn glaucoma dúró, èyí tí ń ṣe àwa ọmọ Áfíríkà ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lọ, tí í sì í jí ojú gbé láìsí ìrora.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú Màmá lọ ṣe àyẹ̀wò ojú, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí ó bá ti pé ẹni ọdún 60. Ẹ yẹ awò rẹ̀ wò pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí apá òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn, tí apá ìsàlẹ̀ wà fún ìwé kíkà, apá ìwé kíkà ni ó ń gbà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, etí àtẹ̀gùn yóò sì máa ṣe bàìbàì. Ẹ béèrè bóyá awò olójú kan yóò dára jù fún ìrìn.

Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ẹ wá géèmù tí a ń dúró gbá. Ẹ gbé àga wíwúwo sí ẹ̀gbẹ́ Màmá kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú, kí wọ́n bọ́ sílípáàsì, wọ bàtà tí kì í yọ̀, kí ọmọ yín sì dúró tì wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́.