Oòrùn Ni Tàbí Òjò Ni A Torí Rẹ̀ Ṣe Agbòòrùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ìyá àgbà mi sọ pé ọba nìkan ni ó ń lo agbòòrùn láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é nítorí òjò. Ta ni kí n gbà gbọ́? Kí ló sì dé tí tèmi fi yí sódì nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ ní Màrínà? — Òǹkàwé kan, Ìsàlẹ̀ Èkó.

ÈSÌ: Ìyá àgbà yín ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Oòrùn ni a kọ́kọ́ torí rẹ̀ ṣe agbòòrùn, àwọn tí ó sì kọ́kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Nínú àwòrán tí àwọn ará Àsíríà gbẹ́ sára òkúta ní Nínéfè, ó lé ní 2,600 ọdún sẹ́yìn, ìránṣẹ́ ni ó ń gbé agbòòrùn lé ọba lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílẹ̀ wa: nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Skọ́tílándì, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, abẹ́ agbòòrùn tí àwọn ẹrú gbé dání ni ó ti bá Aláàfin. Títí di òní, bí Ọba Èkó bá jáde níbi ayẹyẹ, agbòòrùn ńlá ni èrò sábà máa ń kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó rí kábíyèsí.

Ní ti òjò, àwọn ará Ṣáínà ti ń fi òróró kun agbòòrùn oníwèé wọn tipẹ́tipẹ́ kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan obìnrin ni wọ́n kà á sí, títí oníṣòwò kan, Jonas Hanway, fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tirẹ̀ kiri ní nǹkan bí 1750. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó èrò ni inú bí jù, nítorí òjò ni ó ń mú oníbàárà wá fún wọn. Ọkùnrin náà kò jáwọ́, ó sì yẹ kí a yìn ín.

Síbẹ̀, lójú tèmi, egungun agbòòrùn ni ó sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn. Igi àti ohun líle tí ó wà lẹ́nu àbùùbùtán ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ó sì wúwo. Ní 1852, Samuel Fox, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àárín rẹ̀ jin bí gọ́tà, tí ó fúyẹ́, tí kì í sì í tètè tẹ̀. Hans Haupt ní Jámánì ni ó wá ṣe èyí tí ń ká wọ inú àpò, ní 1928.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín kejì wà. Agbòòrùn tí ń ká ní oríkèé púpọ̀, oríkèé ni ó sì máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn ọ̀sà bá gba abẹ́ rẹ̀ ti aṣọ sókè. Fún òjò oṣù Kẹfà ní Èkó, ẹ ra èyí tí ó gùn tí kì í ká, ẹ ṣí i, kí ẹ fọwọ́ mi egungun rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ máa dojú rẹ̀ kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, bí ẹ bá sì délé, ẹ ṣí i sílẹ̀ kí ó gbẹ dáadáa, kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́.