Ìbéèrè Òǹkàwé: Ọkọ̀ Eré Ìje Oníná Wo Ni Ó Yẹ Àwọn Ọmọ-ọmọ Mi?

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ-ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi jíǹkí mi: ọkùnrin ọmọ ọdún 12, obìnrin ọmọ ọdún 8, àti àbúrò wọn ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 5. Ní ìgbà èwe mi, mo ní irú ọkọ̀ ìṣeré oníná tí ń tọ kòtò tóóró lórí ojú ọ̀nà oníke, èyí tí wọ́n ń pè ní slot car, mo sì fẹ́ ra òmíràn báyìí kí èmi àti àwọn ọmọ wọ̀nyí lè jọ máa sáré nígbà ìsinmi wọn. Ṣùgbọ́n orí mi dàrú nígbà tí mo wo àwọn tí ó wà lọ́jà. Wọ́n ní analog, wọ́n ní digital. Wọ́n kọ 1:32 sára ọ̀kan, wọ́n kọ 1:43 sára òmíràn, wọ́n tún kọ 1:64 sára ẹ̀kẹta. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà ń bẹ̀ mí pé èyí tí ọkọ̀ mẹ́fà lè sá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí n rà. Èwo ni kí n mú?

Bàbá Àgbà ọlọ́mọ-ọmọ mẹ́ta

ÌDÁHÙN

Bàbá wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Oríṣi analog tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:32 ni èmi yóò rà bí mo bá wà ní ipò yín, ṣùgbọ́n n óò rí i dájú pé ojú ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí a lè sọ di digital lọ́jọ́ iwájú láìjẹ́ pé a kó èyí tí a ti rà dà nù. Ọkọ̀ ni ojú ọmọdé máa ń lọ sí lára páálí, ojú ọ̀nà sì ni àgbà ń rà. Ọkọ̀ lè bàjẹ́ láàárín ọdún kan kí a sì pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí a bá tọ́jú dáadáa lè wà nílé títí àbíkẹ́yìn yín yóò fi hu irùngbọ̀n.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oríṣi méjèèjì kò ṣòro láti lóye. Nínú analog, ìdarí ọwọ́ kan ni ó ń bu iná fún kòtò kan. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tó ni ọkọ̀ inú kòtò náà ń sáré tó, nítorí náà ọkọ̀ kan péré ni kòtò kan lè gbà, ọmọ méjì ni ó sì lè jọ sáré lórí ojú ọ̀nà oníkòtò méjì. Nínú digital, iná wà lára irin ojú ọ̀nà nígbà gbogbo, ìdarí kọ̀ọ̀kan sì ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan, nípasẹ̀ chip kékeré tí ó wà nínú ọkọ̀ náà; ìdí nìyí tí ọkọ̀ púpọ̀ fi lè wà nínú kòtò kan náà, tí wọ́n sì lè yà bọ́ sínú èkejì níbi tí a bá ti to ègé ìyànà sí. Carrera Digital 132 àti Scalextric ARC Pro, oríṣi digital láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ méjì tí ń ṣe irú ọkọ̀ yìí, ń gba ọkọ̀ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọmọ-ọmọ yín àgbà kò purọ́. Kìkì pé ara tirẹ̀ nìkan ni ó ń rò. Ọmọ ọdún 5 tí kò tíì mọ bí a ṣe ń rọra tẹ ìdarí, tí a tún ní kí ó máa tẹ bọ́tìnnì mìíràn láti yà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbá a nídìí láti ẹ̀yìn, ẹkún ni yóò fi parí eré.

Ní ti àwọn nọ́ńbà yẹn, 1:32 túmọ̀ sí pé a pín ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 32, a sì mú ọ̀kan níbẹ̀. Ọkọ̀ gidi tí ó gùn ní mítà 4.5 yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14 ní ìwọ̀n 1:32, yóò lé díẹ̀ ní 10 ní ìwọ̀n 1:43, yóò sì jẹ́ 7 ní ìwọ̀n 1:64. Ti 1:64 kì í gba àyè púpọ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé fífi ahọ́n abẹ́ rẹ̀ padà sínú kòtò lè dá àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú lágara, ká má tilẹ̀ sọ ọmọdé. Carrera GO!!!, tí ó jẹ́ 1:43, dára fún yàrá kékeré, owó rẹ̀ kò sì wọ́n tó ti 1:32, àmọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ kò bá ti àwọn tí ó tóbi jù ú lọ mu, nítorí náà ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá dàgbà kọjá rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ di ohun tí a ń fún aládùúgbò. Carrera Evolution ńkọ́? Analog 1:32 ni. Ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti Digital 132 ń lò, nítorí náà ẹ̀rọ ìdarí, ègé ìyànà àti ọkọ̀ nìkan ni ẹ óò fi kún un bí ẹ bá fẹ́ yí padà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Scalextric òde òní náà ni a ti ṣe àyè sí lábẹ́ wọn láti fi chip sí i nígbà tó bá yá.

Ohun tí ó wá mú mi dúró lórí analog fún ìdílé yín ni òòfà. Àwọn ọkọ̀ Scalextric àkọ́kọ́ tí Fred Francis gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1957, páànù ni ara wọn, wọn kò sì ní òòfà kankan. Ẹni tí ó bá fi eré àsápajúdé wọ kọ́nà, ìdí àga ni yóò ti lọ mú ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ní òòfà lábẹ́, tí ń fà mọ́ irin ojú ọ̀nà, tí kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ tètè fò kúrò nínú kòtò. Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún 5 àti ọmọ ọdún 12 kò lè dọ́gba nídìí ìdarí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òòfà wà lábẹ́ ọkọ̀ ti kékeré, kí ẹ sì yọ ti ẹ̀gbọ́n kúrò. Ìdí ọkọ̀ tí kò ní òòfà máa ń yọ̀ ní kọ́nà, ó sì di dandan kí ẹni tí ń darí rẹ̀ dín eré kù kí ó tó dé ibẹ̀, kí ó tún rọra fi kún un bí ó ti ń jáde. Ẹ óò rí i pé ẹni tí ń fi ọkọ̀ mẹ́fà yọ yín lẹ́nu yóò rí iṣẹ́ ṣe lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Kí ẹ tọ́jú òòfà tí ẹ bá yọ síbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó o, nítorí ewu ńlá ni bí ọmọ bá gbé e mì.

Ẹ wò ó bóyá ìdarí rẹ̀ ní ibi tí a lè ti dín eré kù fún ọmọdé. Ẹ tún bi olùtajà léèrè bóyá ẹ̀rọ iná kan ni ó ń bọ́ kòtò méjèèjì, nítorí nínú àwọn kan tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ọkọ̀ kan bá ṣubú, èkejì á ṣàdédé ta pọ́ún síwájú, òun náà á sì fò dànù.

Nípa bí a ṣe ń to ojú ọ̀nà, àwòrán nọ́ńbà 8 tí ọ̀nà kan gba orí afárá kọjá lórí èkejì ni mo fẹ́ràn, nítorí kòtò tí ó wà nínú ní apá kan ni yóò wà lóde ní apá kejì, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé tòun ni ó gùn jù. Ojú ọ̀nà tí ó ká róbótó sókè, tí ọkọ̀ ń ta òkìtì nínú rẹ̀, ọmọ á pariwo lé e lórí lọ́jọ́ kìíní, á sì sú u lọ́jọ́ kẹrin. Ẹ wọn àyè ilé kí ẹ tó lọ rà á. Gígùn àti ìbú tí ojú ọ̀nà yóò gbà máa ń wà lára páálí, kí ẹ sì fi àyè ìrìn kún un yí ká. Ẹni kẹta tí kò sáré ni yóò máa gbé ọkọ̀ tí ó bá ṣubú padà, kí wọ́n sì máa gbà á fún ara wọn. Ẹ má rò pé ìyà ni. Ọmọ ọdún 5 mìíràn fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju eré gan-an lọ.

Ẹ̀yin Olóòtú,

Mo ti ra tèmi fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, kò sì tíì pé oṣù méjì tí ọkọ̀ méjèèjì fi ń sá tí wọ́n ń dúró. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìyá Àgbà

ÌDÁHÙN

Ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ dojú ọkọ̀ náà délẹ̀. Ẹ óò rí wáyà híhun méjì, pẹlẹbẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n tí ń wọ kòtò. Àwọn ni wọ́n ń gba iná lára irin. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù tàbí tí ìdọ̀tí dì wọ́n, iná kò ní máa dé bí ó ti yẹ. Ẹ fi ìka tú ẹnu wọn ká díẹ̀ kí wọ́n lè kan irin, kí ẹ yọ irun àti òwú tí ó lọ́ mọ́ ọ̀pá táyà, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu irin ojú ọ̀nà yí po. Bí orí kápẹ́ẹ̀tì ni ẹ ń to ojú ọ̀nà sí, ibẹ̀ ni òwú náà ti ń wá, ẹ gbé e sórí pákó tàbí ilẹ̀ lásán. Òróró ẹ̀rọ ẹ̀kán kan ti tó fún ọ̀pá táyà. Kò gbọdọ̀ kan táyà tàbí irin. Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ gbé ọkọ̀ tí ń dúró sínú kòtò kejì: bí ó bá sáré níbẹ̀, ojú ọ̀nà ni ó ní àbùkù, ẹ tẹ àwọn ègé rẹ̀ mọ́ra wọn dáadáa níbi tí wọ́n ti so pọ̀.