Èsì: Ọ̀nà jíjìn ló ń ràn wá lọ́wọ́

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní báwo la ṣe fẹ́ dán quantum gravity (àbá tó fẹ́ so agbára òòfà tó ń fa nǹkan wálẹ̀ pọ̀ mọ́ òfin àwọn ohun tó kéré jù lọ) wò nígbà tí kò sí ẹ̀rọ kankan láyé tí agbára rẹ̀ tó o.

Àwọn àbá kan ní tí a bá wo òfuurufú wínníwínní, kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó rí gbágungbàgun, ìmọ́lẹ̀ alágbára á sì fi bíńtín lọ́ra ju èyí tí kò lágbára lọ. Ìyàtọ̀ yẹn kéré jù fún yàrá ìwádìí. Ṣùgbọ́n kí méjèèjì jọ gbéra, kí wọ́n fi bílíọ̀nù ọdún rìn, bíńtín yẹn á di ohun tí aago lè kà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, awò-awọ̀nàjíjìn Fermi tó wà lókè òfuurufú rí GRB 090510, ìbúgbàù ìtànṣán gamma (ìmọ́lẹ̀ alágbára gan-an) kan. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún ohun tó lé ní bílíọ̀nù ọdún 7. Fọ́tọ̀nù (ẹyọ ìmọ́lẹ̀) kan tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí GeV 31 (GeV ni ìwọ̀n agbára) dé kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé lẹ́yìn tí ìbúgbàù náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún un kà! Ó wú mi lórí gan-an ni. Àbá tó ní ìlọ́ra ń pọ̀ bí agbára ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ̀ gẹ́lẹ́ ti wọ gàù níbẹ̀. Àwọn míì wà tí èyí ò kàn.

Ìṣòro tó kù ni pé orísun fúnra rẹ̀ lè má tú gbogbo fọ́tọ̀nù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ìbúgbàù tí jíjìn wọn yàtọ̀ síra jọ: ìlọ́ra ojú ọ̀nà á máa pọ̀ bí ọ̀nà ṣe ń jìn, ti orísun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.